Ìyá Ta Ni Ká Kọ?

Màmá wa, ìyá tó bí ìyá mi, ti lọ, ṣùgbọ́n yàrá wọn ní St. Albans, ní New York, kò tíì gbà pé wọ́n lọ. Bí oòrùn bá yí sí ẹ̀yìn ilé lọ́sàn-án, a máa gba ara kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé wọn kọjá, gbogbo inú yàrá a sì dà bí ìsàlẹ̀ omi. Mo máa ń jókòó sórí ibùsùn wọn láàárín àwọn páálí, mo máa ń rò pé mò ń gbọ́ ìró bàtà sílípáàsì wọn ní kọ́rídọ̀. Mi ò sùn, mi ò sì jí tán. Kí n má parọ́, kì í wù mí láti jí.

Ìwé ẹgbẹ́ ló kún inú àwọn páálí náà. Ẹgbẹ́ Obìnrin Ilé-là-ń-wò ni wọ́n ń pe ara wọn, àwọn obìnrin Yorùbá tí wọ́n bá ara wọn ní New York nígbà tí irun wọn ṣì dúdú, tí wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn gbàgbé orísun. Màmá ni akọ̀wé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, akápò ń bínú kúrò, ó tún ń bínú padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ kì láti gba bírò lọ́wọ́ Màmá. Fọ́tò wà nínú páálí wọ̀nyí, ìwé ìpàdé wà níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ òmìnira wà níbẹ̀, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun tí Màmá fọwọ́ ara wọn rán náà sì wà níbẹ̀, tí ewé rẹ̀ ti ń ṣá.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ìyẹn ti wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, àwọn ẹbí sì ti jà sí ìdajì rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n kó ìwọ̀nba tí mo rántí jọ síbì kan, kó tó di pé àlá gbà á lọ́wọ́ mi.

Màmá kúrú, wọ́n sì gbóná. Bí wọ́n bá ń rìn ní òpópónà, ẹni tó ga jù wọ́n lọ ló máa ń yà fún wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe títí wọ́n fi gba rìtáyà ni títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, àwọn arúgbó náà a sì máa bẹ̀rù wọn bí ẹni pé àwọn ni ọmọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó ti ìwé ìpàdé, ara wọn a rọ̀. Wọn kì í kọ ìjà sílẹ̀. “A jíròrò” ni wọ́n máa ń kọ. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n yóò mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ “a jíròrò”, àwọn méjì ti bú ara wọn nìyẹn; bí wọ́n bá sì kọ “a jíròrò gan-an”, ẹnì kan ti gbé báàgì rẹ̀ jáde, ó sì ti fi ilẹ̀kùn gbá àwọn tó kù. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè gíláàsì wọn, wọ́n ní, “Ìjà máa tán. Ìwé ò ní tán.”

Èmi ni mo ń bá wọn fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Taipuráítà wọn kò mọ̀ ju èdè òyìnbó lọ, kò ní àmì òkè, kò ní ti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, láàárọ̀ Sátidé, tí àwọn ojúgbà mi ń wo eré lórí tẹlifíṣàn, Màmá á ka ìwé ìpàdé sókè, èmi á máa fi bírò dúdú fa àmì sí i. Bí mo ṣe kọ́ Yorùbá nìyẹn, kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ní ọjọ́ kan wọ́n kà á pé ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ háyà lọ sí ayẹyẹ dẹnu kọlẹ̀ lórí afárá, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ tẹlifíṣàn. Mo fa àmì ìsàlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ “ọkọ̀”, mo gbàgbé ti òkè. Nígbà tí wọ́n pín ìwé náà nípàdé, ohun tí gbogbo wọn kà ni pé ọkọ tí ẹgbẹ́ háyà ló dẹnu kọlẹ̀ lórí afárá. Ìyá Kẹ́mi, tí wọ́n jẹ́ akápò, dìde, wọ́n béèrè pé èló ni wọ́n ń háyà irú ọkọ bẹ́ẹ̀, àwọn fẹ́ lọ dá tàwọn padà. Ìpàdé kò lè tẹ̀ síwájú mọ́ nítorí ẹ̀rín. Mo ti ń retí ìbáwí, ṣùgbọ́n Màmá kàn fà mí létí díẹ̀ nígbà tí a délé. Wọ́n ní, “Tẹ́ní, bí ọkọ háyà bá wà ní ìlú yìí, ṣé èmi ni mo máa gbẹ̀yìn gbọ́?”

Ìjà tí wọ́n jà jù lọ ni ìjà orin. Nígbà tí ìjọba nílé pa orin orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tì tí wọ́n gbé òmíràn wọlé, Màmá ti wà ní New York, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí àwọn. Bí a bá ń ṣe ayẹyẹ òmìnira lóṣù Ọ̀wàrà, gbogbo ẹgbẹ́ á dìde, wọ́n á máa kọ tuntun. Màmá náà á dìde, wọ́n á máa kọ ti àtijọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sókè. Ẹni tó ń tẹ dùùrù kò ní mọ èwo ni kí òun tẹ̀ lé. Ìyá Kẹ́mi ní àfojúdi sí ìjọba ni, Màmá ní ìjọba wo. Ìwé ìpàdé ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà wà níhìn-ín níwájú mi: “A jíròrò gan-an lórí orin.” Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Nígbà tí ìjọba wá kéde láìpẹ́ yìí pé àwọn ti dá orin àkọ́kọ́ padà, fóònù wa kò sinmi lọ́jọ́ náà. Ìyá Kẹ́mi fúnra wọn pè láti wá túúbá. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n sì dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Èmi ò kúrò lójú kan. Àwọn ló lọ, àwọn ló padà wá.”

Mo rò pé wọ́n á yọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n wá sọ fún mi pé kì í ṣe orin náà gan-an ni. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà tó kọ orin náà lórí pápá iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ òmìnira, sáńdà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, sáńdà náà ń ta á, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá pa orin náà tì, ta ló máa bá àwọn rántí ọmọ yẹn.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sí Mísísì Lágbájá. Níbi iṣẹ́, àwọn èèyàn ti fa orúkọ wọn ya tó. Bí wọ́n bá wá pàdé ara wọn, wọ́n á fi orúkọ ọmọ pe ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Ìyá Kẹ́mi. Ìyá Ìbejì. Màmá ni Ìyá Délé, nítorí Ánkù Délé ni àkọ́bí wọn. Bánkẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ìyá tó bí mi, tí mò ń pè ní Mọ́mì. Báyìí náà ni Màmá ṣe kọ orúkọ wọn sẹ́yìn gbogbo fọ́tò. Nígbà tí ilé ìkàwé yunifásítì kan wá sọ pé àwọn fẹ́ gba ìwé ẹgbẹ́ náà pa mọ́, wọ́n rán obìnrin kan sí wa, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú, oníwà pẹ̀lẹ́, tó máa ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Màmá fẹ́ràn ìbọ̀wọ́ náà gan-an. Ó kó fọ́tò díẹ̀ lọ, ó sì padà wá tayọ̀tayọ̀. Ó ní òun ti rí i pé ìdílé ńlá kan ṣoṣo ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ìdílé Iya: Iya Dele, Iya Kemi, Iya Ibeji. Ó fẹ́ mọ ìlú tí ìdílé Iya ti wá.

Ojú tì mí fún un. Màmá ní tiwọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì wọn. Wọ́n ní kí ó jókòó, wọ́n po tíì fún un, wọ́n sì ṣàlàyé ohun gbogbo fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn ní kíṣìnnì pé, “Ìdílé Iya. Kò kúkú ṣì í.”

Ibi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé láyé ìgbà yẹn ni gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Tompkinsville, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Láti St. Albans, a óò wọ bọ́ọ̀sì, a óò wọ subway, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, a óò tún wọ fẹ́rì. Nínú ọkàn mi, fẹ́rì yẹn kì í rìn. Ìlú ló ń fà sẹ́yìn, àwọn ilé gogoro ń kéré sí i nínú kùrukùru, àwa wà lójú kan láàárín omi, èmi àti ìyá àgbà kan tó di báàgì ìwé mú sórí ẹsẹ̀. Màmá, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ nílé, kì í sọ̀rọ̀ lórí omi. Ìgbà kan mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, “Ilé.” Mo wo ibi tí wọ́n ń wò, mi ò rí nǹkan kan.

Gbọ̀ngàn Tompkinsville yìí ni Màmá ti ṣe ohun tí mo rò pé àwọn áńgẹ́lì yóò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. A kò tíì bí mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn tó pọ̀ débi pé mo máa ń lá a bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ààrẹ máa ń bi í: Ìyá ta ni ká kọ? Ní ọjọ́ náà, obìnrin tuntun kan wá, ó múra dáadáa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọmọ kò dé, ọkọ padà sílé lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ààrẹ kò mọ ìyẹn. Ó bi í bó ṣe ń bi gbogbo èèyàn. Obìnrin náà lanu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n kọ Àǹtí, ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ Ìyá Ìjọ, àánú tó wà nínú ohùn wọn sì burú ju èébú lọ. Obìnrin náà fa báàgì rẹ̀ mọ́ra láti máa lọ.

Bírò wà lọ́wọ́ Màmá, Mọ́mì sì ń sùn lórí ẹsẹ̀ wọn, ọmọ kékeré tí kò tíì tó iléèwé lọ. Màmá gbé ọmọ náà, wọ́n rìn kọjá láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n gbé e lé obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Bánkẹ́ ni kí ẹ kọ. Délé ni wọ́n fi ń pè mí, orúkọ ti Bánkẹ́ kàn wà nílẹ̀ ni.” Wọ́n wá yíjú sí obìnrin náà. “Ẹ gbọ́ orúkọ ọmọ yìí bó ṣe ń dún: bá mi kẹ́ ẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́, mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀. Àṣé ẹ̀yin ni.”

Wọ́n padà sí àyè wọn, wọ́n sì kọ ọ́: “A gba Ìyá Bánkẹ́ wọlé.” Wọn kò fi àlàyé kankan sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pe obìnrin náà ní nǹkan mìíràn mọ́.

Kì í kúkú ṣe orúkọ lásán. Ìyá Bánkẹ́ gba oyè náà bí ẹni gba iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń di irun Mọ́mì, àwọn ni wọ́n ń jókòó nípàdé òbí níléèwé bí Màmá bá wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé Mọ́mì ti rí ọkùnrin tó máa fẹ́. Bí Màmá bá bá Mọ́mì wí, Mọ́mì á di báàgì, ó di Castle Hill ní Bronx, nílé Ìyá Bánkẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti bá ẹnikẹ́ni wí. Nígbà kan, Ìyá Bánkẹ́ ra kóòtù pupa kan fún Mọ́mì, èyí tí Màmá ti ní wọn kò gbọdọ̀ rà nítorí pé ọmọ náà kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Àwọn ìyá méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí òjò dídì ọdún yẹn fi yọ́. Mo bi Màmá bóyá wọ́n kábàámọ̀ rí pé wọ́n fún èèyàn lọ́mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá o. “Mo kàn ní kó bá mi kẹ́ ẹ ni, mi ò ní kó bá mi kẹ́ ẹ bàjẹ́.”

Màmá ti ń bá obìnrin ilé ìkàwé náà to orúkọ àwọn fọ́tò nígbà tí àìsàn dé. Wọn kò parí ẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ààrẹ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí wá sílé wa. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó kéré sí Mọ́mì lọ́jọ́ orí, ó láàánú, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú fún ẹgbẹ́. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí mo ní sí i ni pé bí nǹkan kò bá bá ìwé mu, kì í lè sùn. Ó ní wọ́n máa gbé gbogbo fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí oníkálukú jẹ́ orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ó ní ẹbí ẹnì kan lè máa wá a láti Ìjẹ̀bú, wọn ò ní rí i. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé àwọn máa yọ “Ìyá Bánkẹ́” kúrò pátápátá. Bánkẹ́ kan ò lè ní ìyá méjì nínú ìwé kan. Àwọn èèyàn á sọ pé ìwé ẹgbẹ́ ń parọ́. Inú bí mi débi pé mo lọ fọ abọ́ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Castle Hill kí n tó débẹ̀. Mo bá Ìyá Bánkẹ́ lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí irun wọn tó ti funfun tán. Wọn kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí. Wọ́n ní kí n sọ fún ààrẹ pé ó tọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó fún àwọn lórúkọ ti lọ, ó sì dà bí ẹni pé orúkọ náà ti tẹ̀ lé e. Wọ́n ń fi ìka tẹ́ aṣọ orí orúnkún wọn. “Mo ti jẹ́ ẹ pẹ́, Tẹ́ní. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná, kí wọ́n tó gbà á.”

Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì bí mo ṣe délé. Mọ́mì ń ká aṣọ, wọ́n ń ká a lọ. Mọ́mì kò jọ Màmá rárá, wọn kì í jiyàn, wọn kì í gbé ohùn sókè. Mo rò pé wọn ò tiẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ tí a kó páálí lọ sí ilé ìkàwé, Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ bọ̀. A jókòó yí tábìlì gígùn kan ká: ààrẹ, Ìyá Bánkẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá wọn, Mọ́mì, èmi, àti obìnrin oníbọ̀wọ́ funfun tó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Yàrá náà dákẹ́ bí inú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìsìn ti parí. Oníbọ̀wọ́ náà gbé fọ́tò kan síwájú wa. Ìwájú fẹ́rì ni wọ́n ti ya á, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè. Obìnrin méjì dúró, ọmọbìnrin kékeré kan wà láàárín wọn, ó di ọwọ́ méjèèjì mú.

Ó béèrè pé ta ni wọ́n. Ààrẹ nawọ́ sí Màmá, ó ní, “This is our late secretary, and that's her daughter, Bánkẹ́.” Ó nawọ́ sí ẹnì kejì. “And this is Morẹ́nikẹ́. A member.”

Ìyá Bánkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

Mọ́mì ní, “Ààrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ó kù. Ẹ jẹ́ kó kọ Morẹ́nikẹ́, kó wá kọ Ìyá Bánkẹ́ tẹ̀ lé e.”

Ààrẹ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àǹtí Bánkẹ́, I understand, Ma. But the record has to be accurate. Ìyá Délé ni ìyá yín.”

“Ìyá mi ni. Ìyá mi sì nìyí.” Mọ́mì na ìka sórí fọ́tò náà, wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá kọjú sí obìnrin tó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́. “I'm Bánkẹ́. I'm the one they're talking about. Those are my mothers, the two of them. Write it.”

Obìnrin náà wo Mọ́mì, ó wo àgbàlagbà tó jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ọ́. Ààrẹ kò jiyàn mọ́.

Mo rò pé Ìyá Bánkẹ́ máa sunkún, tàbí kí wọ́n dúpẹ́. Wọn kò ṣe ọ̀kankan. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo Mọ́mì fún ìgbà pípẹ́, láti orí dé ọrùn dé ejìká, bí ẹni pé láti ọjọ́ tí Màmá ti kú ni wọn kò ti lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó.

Wọ́n ní, “Bánkẹ́, o ti rù. Ṣé o ń jẹun ṣá?”